Ìwé Àṣẹ Tí Ojú Tì Mí Láti Béèrè

Ní oṣù tó kọjá, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ọmọbìnrin kan tó ń kàwé ní yunifásítì níbí ní Manchester bi mí pé, "Mà, iṣẹ́ wo ni ẹ ṣe kí ẹ tó fẹ̀yìn tì?" Mo ní iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni. Ojú rẹ̀ tàn. "Ẹ ń tẹ ìwé ìtàn ni?" Mo ní rárá o, rìsíìtì àti ínfọ́ìsì ni. Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó gbé e mì. N kò bínú sí i. Kò sí ẹni tí í wo rìsíìtì lẹ́ẹ̀mejì, àfi ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bá dé. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, mo rí i pé n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni rí bí mo ṣe lo ọdún mẹ́rìndínlógún nídìí iṣẹ́ yẹn. Ọjọ́ orí mi kò tíì tó ti ẹni tó ń fẹ̀yìn tì, ojú mi ló ní ó tó. Nítorí ọmọbìnrin yẹn àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ṣì ń wá iṣẹ́ tí wọn yóò fọwọ́ mú ni mo ṣe jókòó kọ èyí.

Sikirat ni orúkọ mi, ṣùgbọ́n Ìyá Kúdí ni gbogbo ènìyàn ń pè mí. Ọmọ Ìbàdàn ni mí, ilé-ẹ̀kọ́ girama ni mo sì kàwé dé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni mo wá bá ọkọ mi níbí. Ìwé ló wá kà, ó sì ríṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Crumpsall. Èmi náà fọ ilẹ̀ níbẹ̀ fún ọdún méjì. Ibi tí wọ́n ti ń kírun ni ọkọ mi ti pàdé Bàbá Ràjí, ọmọ Ìlọrin tó ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kékeré kan ládùúgbò wa. Bàbá bi í pé, "Ìyàwó rẹ, ṣé ó máa ń fara balẹ̀?" Ọkọ mi ní mo máa ń fara balẹ̀ ju bí òun ṣe fẹ́ lọ. Bí mo ṣe rí iṣẹ́ náà nìyẹn. Owó tí Bàbá ń san kò pọ̀, kò sì kéré. A jẹun, a sanwó ilé.

Ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́ran ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Táìlì funfun ló wà lára ògiri yí ká, àwọn ìkọ́ tí wọ́n fi ń gbé ẹran kọ́ sì wà lára àjà síbẹ̀. Ara wọn ni a ń gbé épírọ́ọ̀nù wa kọ́. Àwọn àgbàlagbà òyìnbó àdúgbò máa ń yọjú láti ẹnu ọ̀nà pé kí a bá àwọn gé sọ́séèjì, Bàbá á sì dá wọn lóhùn pé ó ku ti bébà nìkan. Ẹ̀rọ méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ ti àtijọ́, onírin dúdú, tí a ń fi ọwọ́ ki bébà sí lẹ́nu ní ewé kọ̀ọ̀kan. Èkejì kéré, pléètì ni òun ń lò, ìyẹn páànù fẹ́lẹ́ tí ọ̀rọ̀ wà lára rẹ̀. Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn yíǹkì níbi kan, ẹsẹ̀ mi á dúró.

Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, Bàbá kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ẹ̀rọ kankan. Ó da àpótí lẹ́tà òjé kan, àwọn ẹyọ kéékèèké tí a fi ń tẹ̀wé, sórí tábìlì, gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ra wọn, ó ní kí n tò wọ́n padà sí àyè wọn. Lẹ́tà òjé kì í kọjú síni bí èyí tó wà nínú ìwé, òdì ni a ń kà á. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi tò ó. Nígbà tí mo parí, Bàbá wò ó, ó fi ìka mú ẹyọ kan nínú àyè *n*, ó gbé e síwájú mi. *U* ni. Ó tún da gbogbo àpótí náà sílẹ̀.

Bàbá kì í pariwo, bẹ́ẹ̀ ni kì í bú ènìyàn. Ìbá tiẹ̀ sàn kó bú mi. Bí mo bá ba ewé kan jẹ́, orí àga mi ni yóò gbé e sí, kí n má baà lè jókòó láìrí i. Nígbà tí a bá ń kó bùkù rìsíìtì jọ, yóò dúró sí ẹ̀yìn mi.

"Mélòó ni?"

"Àádọ́ta, sà."

"Kà á."

"Mo ti kà á, sà."

"Mo gbọ́. Kà á."

Mo kà á. Mọ́kànléláàádọ́ta ni. Ó yọ ewé tó lé yẹn, ó fà á ya sí mẹ́rin. "Ewé kan tó lé nínú bùkù rìsíìtì," ó ní, "ẹnìkan lè fi jalè, orúkọ èmi ló sì máa wà nísàlẹ̀ rẹ̀." Lóòótọ́, orúkọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ máa ń wà nísàlẹ̀ gbogbo ewé tí a bá tẹ̀, ní lẹ́tà tín-ín-tín tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ àṣẹ báyìí, nítorí orí rẹ̀ ni ìtàn mi dúró lé. Ní ìlú yìí, ẹni tó bá fẹ́ tẹ rìsíìtì tàbí ínfọ́ìsì lásán kò nílò àṣẹ ẹnikẹ́ni. Bí ó bá ti ní nọ́ńbà VAT, ìyẹn nọ́ńbà tí ìjọba ń fún oníṣòwò tó ń bá wọn gba owó orí ọjà, ó parí. Ṣùgbọ́n irú ínfọ́ìsì kan wà tó yàtọ̀. Ẹni tó tajà ló máa ń kọ ínfọ́ìsì fún ẹni tó rà á. Nígbà mìíràn, ẹni tó ń tajà kò ní ráyè ìwé kíkọ, oníbàárà rẹ̀ á wá sọ pé, "Fi sílẹ̀, màá bá ọ kọ ọ́." Ẹni tó fẹ́ sanwó náà ló wá ń kọ ìwé tí wọn yóò fi béèrè owó lọ́wọ́ ara rẹ̀. Ìjọba kì í gbà bẹ́ẹ̀ lásán. Lásìkò tí mo ń ṣiṣẹ́, ẹni tó bá fẹ́ ṣe é gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí ọ́fíìsì VAT. Àwọn tó ń tajà fún un gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pé àwọn gbà bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọ́fíìsì á fi ìwé àṣẹ ránṣẹ́, wọ́n á sì sọ ọ̀rọ̀ tó gbọ́dọ̀ wà lára ínfọ́ìsì náà gan-an.

Kò sí òfin ìjọba tó ní kí atẹ̀wé béèrè ìwé àṣẹ yẹn kó tó tẹ̀ ẹ́. Òfin Bàbá Ràjí ni. Ó kọ́ mi bí a ṣe ń kà á: orúkọ ta ló wà níbẹ̀, ọjọ́ wo ni àṣẹ bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ wo ni kí a tẹ̀. Òyìnbó kan tó ń kọ́lé wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta láìmú un wá. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó fi owó sílẹ̀ lórí tábìlì, ó fẹ́ máa lọ. Bàbá gbé owó náà, ó sáré tẹ̀ lé e dé ibi tó gbé mọ́tò sí, ó dá a padà fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Nígbà tó yá, èmi ni àwọn oníbàárà ń bẹ̀ kí n bá wọn kọ lẹ́tà tí wọn yóò fi gba àṣẹ. Ọwọ́ ìkọ̀wé mi mọ́. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn gan-an. Mo fẹ́ràn dídúró de ẹni tó ń pín lẹ́tà. Nígbà tí ìdáhùn bá dé, oníbàárà á sáré gbé e wá, òun àti èmi á jọ kà á lórí ìdúró.

Ní ìparí àwọn ọdún 1980, ilé tí Bàbá ń kọ́ sí Ìlọrin parí. Àwọn tí wọ́n jọ wá kàwé ní ìlú yìí ti padà sílé tipẹ́, òun nìkan ló kù. Ọjọ́ kan tí a ń mu tíì, ó ní, "Ilé ti parí. Ẹni tí màá fi ṣọ́ọ̀bù yìí lé lọ́wọ́ ni n kò tíì rí. Àwọn ọmọ mi kò fẹ́ iṣẹ́ tó ń ba èékánná jẹ́." Ó wò mí. Èmi wo inú ife mi.

Mo fẹ́ ṣọ́ọ̀bù náà. N kò fẹ́ nǹkan kan tó bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí mo sọ ọ́ nílé, ọkọ mi ní, "Sọ fún wọn." Mo ní n kò lè sọ ọ́. Ó ní, "Ṣé kí wọ́n máa ka inú rẹ bí o ṣe ń ka lẹ́tà òjé ni?"

N kò tíì sọ ọ́ tí Bàbá fi rí àyè lọ sí Mẹ́kà. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni yóò lò. Ó kó kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́. "Màá fi èyí wò ọ́, Sikirat. Bí mo bá dé tí orúkọ ṣọ́ọ̀bù yìí ṣì mọ́, a óò jọ sọ̀rọ̀."

Ní ọ̀sẹ̀ kejì ni Alhaji Ṣàlàkọ́ wọlé. Ọmọ Èkó ni, àgbà pàtàkì ni láàárín àwa Mùsùlùmí tí a jọ wà níbí. Òun ló gbé Kúdí lọ́wọ́ tó ṣe àdúà fún un lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa ra ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì lọ́wọ́ àwọn tó ń tú mọ́tò tó ti bàjẹ́, kí ó sì máa fi wọ́n ránṣẹ́ sí Èkó.

"Ìyá Kúdí! Ìyàwó wa! Ṣé Bàbá ti dé Mẹ́kà?"

Mo kúnlẹ̀. "Wọ́n ti dé, sà. Ẹ káàárọ̀, sà."

"Ìwọ wá di ọ̀gá báyìí. Ṣé kí n máa pè ọ́ ní Mádáàmù ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, sà."

Ó rẹ́rìn-ín, ó jókòó. "Bùkù ogún ni mo fẹ́. Ínfọ́ìsì tí èmi fúnra mi á máa kọ fún àwọn òyìnbó tó ń ta ẹ́ńjìnnì fún mi. Gíríìsì ló wà lọ́wọ́ wọn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, wọn ò lè di bírò mú."

"Ìwé àṣẹ yín ńkọ́, sà?"

"Ó ti wà."

"Ẹ bá mi mú un wá, sà, kí n lè wo ọ̀rọ̀ tó yẹ kó wà nísàlẹ̀."

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Ìyá Kúdí. Mo ní ó ti wà. Ṣé èmi Ṣàlàkọ́ ni màá wá jókòó síwájú rẹ, tí màá máa parọ́ nítorí bébà?"

"Rárá o, sà. Ẹ má bínú."

"N ò bínú. Ọkọ̀ ojú omi ló fẹ́ gbéra ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, òun ló ń lé mi. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó wà níbẹ̀, èmi náà mọ̀ ọ́n. Gba bírò, kọ ọ́ sílẹ̀."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ṣì wà.

Ẹni tí wọ́n tọ́ bí wọ́n ṣe tọ́ mi yóò mọ ohun tí mò ń sọ. Bí òyìnbó bá ni, n kò ní í jẹ́ kí ó jókòó pẹ́. Ṣùgbọ́n láti béèrè ìwé lẹ́ẹ̀kejì lọ́wọ́ àgbà tó ti fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ó wà, bí ìgbà tí mo pè é ní òpùrọ́ ni. Ọjọ́ méjì ni mo fi tẹ bùkù náà. Mo ka àwọn ewé rẹ̀, mo tún wọn kà. Nọ́ńbà wọn pé. Iṣẹ́ náà mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí inú mi dùn sí i.

Ó ku ọjọ́ mẹ́fà kí Bàbá dé ni fóònù dún.

"Ìyá Kúdí, ọ̀rọ̀ kan ti ṣẹlẹ̀ o."

Àwọn òṣìṣẹ́ VAT ti wá bẹ Alhaji wò, bí wọ́n ṣe máa ń bẹ gbogbo oníṣòwò wò. Wọ́n rí bùkù náà lórí tábìlì rẹ̀. Ó ti kọ̀wé béèrè àṣẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kò tíì fún un. Kò tíì ní kí àwọn tó ń tajà fún un fọwọ́ sí nǹkan kan. Wọ́n ní kí ó gba gbogbo ewé tó ti pín padà, kí ó fa igi lé wọn lórí, kí ó kó wọn wá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn kò ní wo ọ̀rọ̀ àṣẹ rẹ̀.

"Ẹ ní ó ti wà, sà," ni mo sọ.

"Mo rò pé wọ́n á fọwọ́ sí i ni. Gbogbo ènìyàn ni wọ́n ń fọwọ́ sí i fún. Wọ́n kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù yín sílẹ̀."

Ní ọjọ́ kejì, lẹ́tà dé ní orúkọ Bàbá. Ìbéèrè méjì ló wà níbẹ̀: ewé mélòó ni a tẹ̀, ṣé a sì rí ìwé àṣẹ kí a tó tẹ̀ wọ́n? Mo ka ìbéèrè kejì lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo fi lẹ́tà náà sínú dúrọ́ọ̀, mo tì í pa. Lẹ́yìn wákàtí kan mo ṣí i, mo gbé e jáde sórí tábìlì Bàbá, níbi tí ojú rẹ̀ máa kọ́kọ́ dé.

Bàbá dé pẹ̀lú orí fífá tó ń dán. Láti àárọ̀ ni àwọn ènìyàn ti ń wọlé wá kí i, "Ẹ kú àbọ̀, sà, Ọlọ́run á gbà á ní iṣẹ́ ire." Ó ń bu omi sámúsámù fún wọn mu. Ó fún èmi ní tẹ̀súbáà àti dàbínù inú ọ̀rá. Wọ́n ti kó àwọn bébà àti ife sórí tábìlì rẹ̀, lẹ́tà yẹn sì wà nísàlẹ̀ wọn. Nígbà tí àlejò ìkẹyìn lọ, mo fà á yọ, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.

"Sà, mo tẹ bùkù ogún fún Alhaji Ṣàlàkọ́. N kò rí ìwé àṣẹ wọn."

"O béèrè?"

"Mo béèrè lẹ́ẹ̀kan, sà."

"Ó ní kí ni?"

"Wọ́n ní ó ti wà. Mo gbà wọ́n gbọ́." Mo dúró, nítorí ìyẹn kì í ṣe òótọ́. "Rárá, sà. N kò gbà wọ́n gbọ́. Ojú ló tì mí."

Bàbá ka lẹ́tà náà tán, ó ká a padà bó ṣe wà. "Ewé mélòó ló ti jáde?"

"Mẹ́tàlélọ́gọ́ta, sà. Ọ̀nà mẹ́sàn-án ni wọ́n pín sí."

"Lọ kó wọn wá." Ó dé fìlà rẹ̀. "Lẹ́tà yìí, ìwọ ni wàá dáhùn. Kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Má di ẹ̀bi ru Alhaji ju bó ṣe yẹ lọ, má sì yọ ara rẹ."

Ó jáde. N kò lè jẹ ẹyọ kan nínú dàbínù yẹn.

Alhaji fi ọkọ̀ ẹrù rẹ̀ gbé mi káàkiri. Mo jókòó síwájú pẹ̀lú ìwé tí mo to nọ́ńbà sí, láti ọ̀kan dé mẹ́tàlélọ́gọ́ta, kí n lè máa fa igi sí èyí tí a bá rí. A ti wakọ̀ díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

"Ò ń bínú sí mi."

"Rárá, sà."

"Ò ń bínú. Ó yẹ kí o ti lé mi jáde lọ́jọ́ yẹn."

"Alhaji, ẹ̀yin tí ẹ ṣe àdúà fún ọmọ mi? Báwo ni mo ṣe fẹ́ lé yín?"

"Ẹnu lásán ni. O ò bá ní, 'Alhaji, ẹ lọ mú un wá.' Ǹ bá bínú dé ẹnu ọ̀nà, inú mi á sì rọ̀." Ó ronú díẹ̀. "Bóyá kó tó délé."

Ibi àkọ́kọ́ wà ní Salford, nítòsí èbúté àtijọ́. Ọkọ̀ ojú omi kò wá síbẹ̀ mọ́. Omi náà dúró jẹ́ẹ́, wọ́n ti ń fi okùn wọn ilẹ̀ létí rẹ̀ fún àwọn ilé tuntun. Ọkùnrin tó ni àgbàlá tí wọ́n ti ń tú mọ́tò níbẹ̀ ń pè mí ní *love*, bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo obìnrin níbí. Ó bi mí bóyá ìjọba ló rán mi. Mo ní rárá, èmi ni mo ṣe àṣìṣe, mo wá tún un ṣe. Ó ní láti ogún ọdún tí òun ti wà nídìí iṣẹ́ yìí, òun kò tíì rí ẹni tó wọ àgbàlá òun wá sọ bẹ́ẹ̀. Ó da dúrọ́ọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ewé méjìlá ni mo rí níbẹ̀. Ẹlòmíràn ti fi tirẹ̀ di nọ́ọ̀tì àti bóòtù, a tú u. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin, a ti rí méjìlélọ́gọ́ta. Nọ́ńbà kọkànlélógójì ló kù.

Àgbàlá kan ní Blackley ni ó lọ. Ọkùnrin ibẹ̀ ní òun kò gbà á rí. Èmi àti Alhaji lọ lẹ́ẹ̀mejì. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, èmi nìkan ni mo wọ bọ́ọ̀sì lọ nínú òjò. Ọkùnrin náà kò sí níbẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ló wà nínú ahéré onípákó tí wọ́n fi ṣe ọ́fíìsì. Ó rí i pé ara mi tutù, ó ní kí n jókòó kí n mu tíì. Mo gbé ife lé tábìlì, tábìlì náà kò mì. Gbogbo nǹkan yòókù nínú ahéré yẹn ló ń mì. Mo wo ìsàlẹ̀. Bébà kan ni wọ́n ká lẹ́ẹ̀mẹ́rin tí wọ́n ki sábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì, orúkọ Bàbá Ràjí sì yọ létí rẹ̀ ní lẹ́tà tín-ín-tín. Mo dọ̀bálẹ̀ lórí ilẹ̀ níbẹ̀ láti fà á yọ. Obìnrin náà rò pé àkókò ìrun mi ti tó, ó yára pa rédíò fún mi.

Mo ki páálí ìṣáná sábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì wọn kí n tó lọ.

Mo kó gbogbo wọn fún Alhaji, ó kó wọn lọ sí ọ́fíìsì VAT. Mo kọ ìdáhùn lẹ́tà náà, mo fọwọ́ sí i ní orúkọ mi. Wọ́n dáhùn ní ìlà mẹ́ta péré pé àwọn ti rí i. Nígbà tó yá, àṣẹ Alhaji dé, ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀ sì yàtọ̀ sí èyí tó ní kí n kọ sílẹ̀. A tẹ bùkù tuntun fún un. Ẹnikẹ́ni kò tún bá wa sọ nǹkan kan.

Ṣùgbọ́n Bàbá kò lọ sí Ìlọrin. Kò sọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù mọ́. Ó fi ayálégbé sínú ilé rẹ̀, ó ń wá síṣẹ́ láràárọ̀, àárẹ̀ ń mú un, èmi sì mọ̀ pé èmi ni mo dá a dúró. Báyìí ni ọdún mẹ́rin kọjá.

Láàárín ọdún wọ̀nyẹn ni gbogbo irinṣẹ́ wa yí padà. Àwọn kan wá gbé ẹ̀rọ dúdú náà lọ. Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé e, ó fi ojú ihò mẹ́rin sílẹ̀ lórí ilẹ̀. Wọ́n wọn àwọn lẹ́tà òjé bí ẹni ń wọn ẹran, wọ́n kó wọn lọ yọ́. Mo tọ́jú *n* kan àti *u* kan sínú àpò mi, n kò sọ fún Bàbá. Kọ̀ǹpútà gba ipò wọn. Kúdí tó ti ń lò ó níléèwé ló kọ́ mi, ó ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ Manchester bú mi pé ìka mi ń lọ bí ìgbín. Ohun tí mo fi ọjọ́ kan tò ní òjé, mò ń tò ó ní wákàtí kan. Mo fẹ́ràn rẹ̀, n kò ní parọ́, ṣùgbọ́n kò wúwo lọ́wọ́, kò sì lóòórùn. Àwọn oníbàárà kan ra tiwọn, wọ́n ń tẹ ínfọ́ìsì wọn fúnra wọn nílé. Àwọn tó kù ni àwọn tó ṣì nílò bùkù tí wọ́n lè gbé lọ sí oko, sí àgbàlá, sí ẹ̀yìn ọkọ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, Bàbá wọlé, kò bọ́ kóòtù. Kò lọ sí àga rẹ̀. Orí àga àwọn oníbàárà ló jókòó sí.

"Sikirat, mo ní iṣẹ́ fún ọ. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ra aṣọ lọ́wọ́ àwọn télọ̀ ló ni ín. Bùkù mẹ́wàá. Òun ni á máa kọ ínfọ́ìsì fún wọn."

"Ó dáa, sà. Ìwé àṣẹ wọn ńkọ́?"

"Mo ti rí i."

Mo pa ẹ̀rọ. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nínú iṣẹ́ yìí, ọkùnrin yìí ló kọ́ mi. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, sà. Ẹ jẹ́ kí èmi náà rí i."

"Mo ní mo ti rí i."

"Mo gbọ́, sà."

"Ṣé ọwọ́ èmi náà ni o ti fẹ́ gbàwé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. N kò lè tẹ̀ ẹ́ láìrí i."

Ó ki ọwọ́ bọ àpò kóòtù rẹ̀, ó mú àpò-ìwé kan jáde. Mo dìde, mo gbé e lọ sídìí fèrèsé. Mo kà á láti òkè délẹ̀ nígbà tí ó jókòó dè mí. Orúkọ náà tọ̀nà. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí a tẹ̀ wà níbẹ̀. Mo wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i.

"Sà, àṣẹ yìí kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n kọ. Mo lè tò ó sílẹ̀ lónìí, ṣùgbọ́n n kò ní kó bùkù kankan jáde ṣáájú ọjọ́ yẹn."

"Ọ̀rẹ́ mi ń kánjú."

"Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n, sà."

Bàbá dìde, ó jáde, kò dágbére. Mo rí i láti ojú fèrèsé bó ṣe ń lọ síbi tí bọ́ọ̀sì ìgboro ti ń dúró. Mo sọ fún ara mi pé ó ti parí, pé mo ti ṣẹ ẹni tó ṣe mí lóore. Mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í to bùkù àwọn télọ̀ náà, nítorí n kò mọ ohun mìíràn tí mo lè fi ọwọ́ mi ṣe.

Ìrun Àílà ti kọjá kó tó padà dé. Ó bọ́ kóòtù lọ́tẹ̀ yìí. Ó gbé ìwé kan síwájú mi lórí tábìlì, èyí tí àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú máa ń fúnni, ó sì dúró sí ẹ̀yìn mi.

"Kà á," ó ní.

Mo kà á. Orúkọ Bàbá ló wà níbẹ̀, òpin oṣù tó ń bọ̀, Manchester sí Èkó. Mo ṣí ewé kejì láti wo ọjọ́ tí yóò padà. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Àlọ nìkan ni ó rà.